Oníbàárà ò gbọ́ yín lórí fídíò? Ohun tí ẹ máa ṣe rèé bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ Linux

Ẹ jẹ́ ká ní aládìrẹ kan wà l'Abẹ́òkúta, tí oníbàárà rẹ̀ ní London sọ pé òun fẹ́ fojú rí aṣọ lórí Zoom kóun tó sanwó. Àsìkò tó, ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà ò gbọ́ ohùn, kò sì rí aṣọ. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni Zoom ọ̀fẹ́ ń fún èèyàn. Bí wọ́n bá fi ìdajì rẹ̀ bá ẹ̀rọ jìjàkadì, ọjà náà lè bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ oníṣòwò lásìkò yìí. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ ò lè gbé Windows 11. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi gbé Ubuntu tàbí Linux Mint sórí tiwọn, torí ọ̀fẹ́ ni. Kó tó di pé ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò.

Bí wọn ò bá gbọ́ yín
Ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ Sound, kí ẹ wá máa sọ̀rọ̀. Bí ìlà tó wà ní Input bá ń mì, kọ̀ǹpútà ń gbọ́ yín, inú Zoom ni ìṣòro wà. Ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán máìkì nínú Zoom, kí ẹ yan máìkì kan náà. Bí ìlà náà ò bá mì, ẹ yan máìkì mìíràn ní Input.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo íápíìsì Bluetooth, ẹ fura. Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà ṣiṣẹ́. Èyí tó ń jẹ́ A2DP, tí orin fi ń dùn létí, kì í lo máìkì rárá. Ní Configuration, ẹ yan èyí tí wọ́n kọ Headset sí.

Bí wọn ò bá rí yín
Ẹ wò ó bóyá ìdérí kékeré kan bo ojú kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun mìíràn tó lè máa lo kámẹ́rà, torí pé lórí Linux, ẹyọ kan ló sábà máa ń lò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí Google Meet bá ti mú un, Zoom lè má rí i lò.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ ls /dev/video* síbẹ̀. Bó bá gbé /dev/video0 jáde, kọ̀ǹpútà ti rí kámẹ́rà. Bó bá ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ wáyà kámẹ́rà, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún un tàn.

Bí wọn ò bá rí ojú kọ̀ǹpútà yín
Ẹ fẹ́ fi àwòrán ọjà hàn wọ́n, dúdú ni wọ́n ń rí. Wayland ló sábà máa ń fà á. Òun ni Ubuntu fi ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, kì í sì í jẹ́ kí ohunkóhun wo ojú kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ. Zoom tó ti pẹ́ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ náà. Ẹ gba Zoom tuntun, kí ẹ sì tẹ Share nígbà tó bá béèrè. Lórí Ubuntu 24.04, ẹ tún lè jáde, kí ẹ tẹ orúkọ yín, kí ẹ tẹ àmì tó rí bíi jíà, kí ẹ yan Ubuntu on Xorg. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò lórí 25.10.

Tó bá jẹ́ Teams ni oníbàárà ń lò, ẹ má wá a kiri. Microsoft ti pa èyí tó wà fún Linux tì láti ọdún 2022. Inú Chrome tàbí Edge ni kí ẹ ti ṣí i.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ẹ lọ sí zoom.us/test, kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín, kí ẹ sì rí ojú ara yín. Kí ẹ sì gbé Zoom sórí fóònù yín sílẹ̀, kí oníbàárà má baà dúró dè yín bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀.