Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Òbí lórí Eré Orí Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tí ń ka ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó ń dá asọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége, tí kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Èyí ni ọ̀rọ̀ eré orí ẹ̀rọ, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní géèmù. Baba a fi owó iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ra ẹ̀rọ náà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Kò ní pẹ́, ọmọ a tún wá wí pé ẹ̀rọ ti kún, àyè kò sí mọ́. Baba a rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, tàbí pé ojúkòkòrò ni ó ń ṣe ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ti rí látẹ̀yìnwá. Ní ọdún 1985 tí eré Super Mario Bros. jáde, gbogbo rẹ̀ pátá, àwòrán àti orin, kò ju 40 kìlóbáìtì lọ. Ní ọdún 2019 tí Red Dead Redemption 2 dé orí kọ̀ǹpútà, àyè 150 jígábáìtì ni àwọn tí ó ṣe é béèrè. Jígábáìtì kan tó mílíọ̀nù kìlóbáìtì kan. Nítorí náà, eré kan ṣoṣo yìí ju ti ìṣáájú lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. PlayStation 5, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní àká 825 jígábáìtì, ṣùgbọ́n nǹkan bí 667 péré ni ó kù fún ẹni tí ó rà á. Bí a bá kó eré ńlá mẹ́rin irú èyí sí i, kò sí àyè fún ìkarùn-ún.

Kí ni ó fà á? Àwòrán ni olórí. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí a ń pè ní 4K ní ìlọ́po mẹ́rin àmì tí ń bẹ lójú ti 1080p, àwòrán tí yóò sì mọ́ lójú rẹ̀ kò lè ṣe aláìtóbi. Ohùn àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nínú eré, ní oríṣiríṣi èdè, tún ń gba àyè tirẹ̀. Ohun kẹta ni ó yani lẹ́nu jù. Ẹni tí ó mọ ilé ìkẹ́rùsí ní òpópónà Ọba Akran mọ̀ pé akọ̀wé tí kò fẹ́ rìn jìnnà lè kó irú ẹrù kan náà sí igun mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ eré kan ń ṣe nítorí àwọn díìsìkì àtijọ́ tí ń yí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, àwọn tí ó ṣe Helldivers 2 kó irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ti orí kọ̀ǹpútà, ó sì bọ́ láti nǹkan bí 154 jígábáìtì sí nǹkan bí 23. Eré kan náà ni síbẹ̀. Ẹni tí kò ní sanwó àká kì í bìkítà bí ọkà ti pọ̀ tó.

Ta ni ń sanwó náà? Òbí ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi owó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100. Bí a bá ṣírò jígábáìtì kan ní 300 náírà, 150 yóò jẹ́ 45,000 náírà. Bí ọmọ bá pa eré rẹ́ láti wá àyè, tí ó sì tún gbà á padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀mejì ni a san án.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn yìí. Èkíní, ẹ wádìí ìwọ̀n eré kí ẹ tó rà á. Èkejì, ẹ má ṣe rò pé àwo yóò dá àyè sí: PlayStation 5 a máa da eré inú àwo sínú ara rẹ̀ kí a tó lè ṣe é. Ẹ̀kẹta, ẹ lè ra háàdì díìsìkì tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ lóde. A kò lè ṣe eré PlayStation 5 láti orí rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi pamọ́ síbẹ̀, kí a sì dá a padà láìná dátà. Ti PlayStation 4 a sì ṣe é ṣe níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tà á dán an wò lójú yín. Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ fún ọmọ pé pípa eré rẹ́ lórí PlayStation kò pa àkọsílẹ̀ ibi tí ó bá a dé rẹ́, bí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa èyí náà.

Ọlọ́rọ̀ inú òwe Olúwa wa, nígbà tí àká rẹ̀ kún, kò ronú ohun mìíràn ju kí ó kọ́ èyí tí ó tóbi jù lọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ra àká tí ó tóbi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nawọ́ sí àpò, ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ó fúnra rẹ̀ yan èyí tí yóò dúró àti èyí tí yóò lọ. Ọmọ tí ó bá kọ́ àṣàyàn nínú eré yóò mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ pẹ̀lú.