Bí Iná Lésà Ṣe Ń Wọn Ìrìn Ohun Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀

Agboolé tí kò mọ àìsàn tí à ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde kò pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Láyé àtijọ́, bí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kú mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́, àwọn àgbà a ní àbíkú ni, wọn a sì sọ èyí tí ó tẹ̀lé wọn ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Lónìí a mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni púpọ̀ nínú irú ikú bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí àwọn onímọ̀ ṣe fi ìmọ́lẹ̀ wo inú ẹ̀jẹ̀ náà, àti ohun tí wọ́n rí tí ó kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláró wa. Bí a bá kán aró díẹ̀ sínú àwo omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, yóò máa tàn ká títí gbogbo omi yóò fi ní àwọ̀ kan náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rò ó. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn èérún tí ó kéré jùlọ nínú nǹkan, tí à ń pè ní mólékù, kì í dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún láìsimi.

Ṣùgbọ́n ìrìn inú àwo omi yàtọ̀ sí ti inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ń rìn ní pápá gbalasa kò dà bí ẹni tí ń la ọjà Ìtòkú kọjá nígbà tí èrò àdìrẹ kún inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan nínú ẹ̀jẹ̀ kò fẹ̀ tó ìdá 1 nínú 100 mìlímítà, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 1 nínú 3 ìwúwo rẹ̀ ni hìmóglóbìn, èyí tí ń ru ọ́síjìn káàkiri ara.

Báwo ni a ṣe ń wọn ìrìn níbi híhá bẹ́ẹ̀? Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi àwọ̀ tí ń tàn sára mólékù. Wọn a wò ó nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọn a sì fi iná lésà, tí ó mú bí abẹ́rẹ́, pa àwọ̀ ojú kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a ka àkókò tí àwọn tí ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ fi wá kún ibẹ̀. Ní 1999, Michael Elowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìrìn èròjà kan tí ń tàn nínú kòkòrò àìfojúrí E. coli, ìrìn rẹ̀ níbẹ̀ lọ́ra ju ti inú omi lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 10.

Nínú ẹ̀jẹ̀ alárùn yìí, bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára hìmóglóbìn, àwọn mólékù rẹ̀ a so mọ́ ara wọn bí okùn líle, sẹ́ẹ̀lì a tẹ̀ bí dòjé, a sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní 1982, William Eaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ iná lésà sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ awò, láti lé gáàsì tí ó gba ipò ọ́síjìn kúrò, wọ́n sì ka àkókò. Wọ́n rí i pé okùn náà kì í yọ lójú ẹsẹ̀. Àyè ìdúró kan wà. Bí èrò inú sẹ́ẹ̀lì bá há díẹ̀ sí i, àyè náà a kúrú gidigidi. Ní 1987 wọ́n fi hàn pé àyè yìí ni ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì padà dé ẹ̀dọ̀fóró kí wọ́n tó tẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: inú àyè yìí ni ẹ̀mí aláìsàn wà. Bí òùngbẹ bá gbẹ ara, omi inú sẹ́ẹ̀lì a dínkù, èrò a há, àyè a sì kúrú. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń wí pé kí ó máa mu omi. Oògùn hydroxyurea, tí ìwádìí 1995 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó dín ìkọlù ìrora kù sí bí ìdajì, ń mú kí ara ṣe irú hìmóglóbìn ọmọ ìkókó, èyí tí kì í bá wọn so okùn.

Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu pé ọmọ yóò ní àrùn náà jẹ́ 1 nínú 4. Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́ wa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí a tó kéde ìgbéyàwó wọn. Ẹni tí ó sì ti ní àrùn náà, ẹ má ṣe pè é ní àbíkú mọ́. Ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì tètè mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà.