Àwọn Olúborí Gọ́ọ̀fù Àtijọ́ àti Ẹ̀rù Ọjọ́ Ìdíje

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wo ìdíje gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n yóò ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ń ṣàlàyé eré náà sábà máa ń jẹ́ àgbà eléré tí òun fúnra rẹ̀ ti gba ife-ẹ̀yẹ rí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ń gba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́. A lè rò pé nítorí òkìkí wọn nìkan ni. Òkìkí kó ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó ju òkìkí lọ. Ẹ̀rọ ayàwòrán lè fi bọ́ọ̀lù hàn wá, ó lè fi ọwọ́ àti ojú eléré hàn wá; kò lè fi ẹ̀rù tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀ hàn wá. Ẹni tí ẹ̀rù náà ti bà rí ni ó lè ròyìn rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé àwọn olùgbọ́ wa tí kò mọ eré gọ́ọ̀fù, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ihò 18 ni ó wà ní pápá, ọjọ́ 4 ni àwọn ìdíje ńlá sì máa ń gbà lóde òní. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ní iye ìgbà tí ó kéré jù lọ kí ó tó parí gbogbo ihò wọ̀nyí ni ó borí. Nínú eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, eléré kò ní àyè láti máa ronú púpọ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ń sáré, ọ̀tá sì ń lé e. Nínú gọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù dúró jẹ́ẹ́ lórí koríko, ó ń dúró de olówó rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni gbígbá rẹ̀ ń gbà. Wákàtí tí ó kù jẹ́ ti ìrìn àti ti ìrònú. Inú ìrònú yìí ni ìpayà ń gbà wọlé.

Bí ìpayà bá dé, àyà a máa lù kìkì, èémí a kúrú, ọwọ́ a sì le mọ́ igi tí ó dì mú. Èyí nìkan kọ́ ni ewu rẹ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin tí ó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò láì fi ọwọ́ dì í mú. Ọrùn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. A máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ bí ó ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kígbe mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ da omi náà, tí òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà náà gan-an ni omi yóò máa ta sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún eléré. Ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni ọkàn rẹ̀ tún fẹ́ máa darí, iṣẹ́ náà a sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìtàn Ken Venturi, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi èyí hàn gbangba. Akólòlò ni ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì fẹ́ràn gọ́ọ̀fù nítorí pé ó jẹ́ eré tí ènìyàn lè dá nìkan ṣe. Ní ọdún 1956, nígbà tí kò tíì máa gba owó nídìí eré, ó fi ìgbà 4 ṣáájú gbogbo ènìyàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje Masters ní Augusta. Ní ọjọ́ náà ìgbà 80 ni ó gbá bọ́ọ̀lù, Jack Burke sì fi ìgbà 1 péré borí rẹ̀. Ọdún 8 kọjá kí ó tó rí ẹ̀san. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, nínú ìdíje U.S. Open ní pápá Congressional, nítòsí Washington, ihò 36 ni wọ́n ní láti parí ní ọjọ́ ìkẹyìn, nínú oòrùn tí ó mú gidigidi. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé dókítà kìlọ̀ fún un pé ẹ̀mí rẹ̀ lè lọ sí i. Ó tẹ̀ síwájú, dókítà ń bá a rìn, ó sì borí. Nígbà tí àrùn ọwọ́ dá eré rẹ̀ dúró, ó di aṣàlàyé fún ilé-iṣẹ́ CBS láti ọdún 1968 títí di ọdún 2002. Ẹni tí ń kólòlò ní kékeré ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní 30.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Alliss ni ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó borí nínú ọ̀pọ̀ ìdíje, ṣùgbọ́n ní ọdún 1953, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìdíje Ryder Cup láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ó kùnà láti gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò jìnnà wọ ihò ìkẹyìn. Àmì 1 péré ni Amẹ́ríkà fi borí. Ó fi ọdún tí ó ju 50 lọ ṣàlàyé eré lórí BBC kí ó tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n kòtò ni irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń tà fún wa.

Ìbéèrè kan wà tí kò rọrùn: ṣé ó tọ́ kí aṣàlàyé sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rù ń ba eléré? Johnny Miller, tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 63 péré ní ọjọ́ ìkẹyìn U.S. Open ọdún 1973 tí ó sì gba ife náà, kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bò rárá ní gbogbo ìgbà tí ó fi ṣiṣẹ́ fún NBC, láti ọdún 1990 sí 2019. Inú ọ̀pọ̀ eléré kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n Miller kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun pàápàá ti gbọ̀n rí nídìí bọ́ọ̀lù kúkúrú. Ní èrò tiwa, òtítọ́ tí ó ti ẹnu ẹni tí ó jẹ́wọ́ ti ara rẹ̀ jáde kì í ṣe ẹ̀gàn. Àrùn tí a kò bá dárúkọ kò ṣeé wá oògùn sí.

Oògùn wo ni ó wà, nígbà náà? Ohun tí àwọn àgbà eléré ń tẹnu mọ́ kò pọ̀. Kí ènìyàn má ṣe yí ìlànà rẹ̀ padà nítorí pé ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ńlá. Kí ó mí kanlẹ̀. Kí ó ronú nípa bọ́ọ̀lù tí ó wà níwájú rẹ̀ nìkan, kì í ṣe èyí tí ó ti bàjẹ́ sẹ́yìn tàbí ife-ẹ̀yẹ tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní Augusta ní ọdún 1996, Greg Norman ti Australia fi ìgbà 6 ṣáájú Nick Faldo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Faldo fara balẹ̀, ìgbà 67 ni ó gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà 78 ni ti Norman. Faldo fi ìgbà 5 borí. Òun náà di aṣàlàyé fún CBS lẹ́yìn náà, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 2022.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣubú kò parun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, Rory McIlroy ti Àríwá Ireland fi ìgbà 4 ṣáájú ní Augusta, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 80 ní ọjọ́ ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí Venturi ti ṣe ní ọdún 55 ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 2 péré, ó gba U.S. Open ní Congressional, pápá kan náà tí Venturi ti rí ẹ̀san tirẹ̀, ó sì fi ìgbà 8 ju ẹni kejì lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ó tó borí ní Augusta. Ní ọjọ́ náà pàápàá, ó pàdánù bọ́ọ̀lù kúkúrú kan ní ihò ìkẹyìn, òun àti Justin Rose sì ní láti tún un gbá. Ní ihò àkọ́kọ́ tí wọ́n tún gbá ni ó ti borí.

Kì í ṣe orí pápá gọ́ọ̀fù nìkan ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò mọ̀ ọ́n. Agbẹjọ́rò tí ó kọ́kọ́ dìde níwájú adájọ́ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí ọmọ tí ó mọ ìwé nílé bá gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò, kí òbí àti olùkọ́ má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ. Kí àgbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí jókòó tì í, kí ó sì sọ fún un bí ó ti rí lára òun àti ohun tí òun ṣe lẹ́yìn rẹ̀.