Aago Tí Wọ́n Ní Omi Kò Lè Wọ̀

Inú ìpàdé wa ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí ti jáde. Ìyá kan tó ń ta ẹja tútù dìde, ó na aago ọwọ́ ìgbàlódé kan sókè, irú èyí tí wọ́n ń pè ní smartwatch, tó ń ka ìrìn ẹsẹ̀ èèyàn, tó sì ń fi ìpè hàn láìyọ fóònù nínú àpò. Ojú aago náà ti ṣú, omi ti ṣe bí ìrì lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni. Ara ẹ̀yáwó tó gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ló fi rà á, ó sì ku oṣù mẹ́rin kó tó san án tán. Ó ní, "Ẹni tó tà á fún mi fi 50 mítà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ hàn mí. Ó ní bó bá wù mí, kí n máa fi wẹ̀. Mo sì fi wẹ̀!"

Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Ẹ jẹ́ ká yẹ 50 mítà yẹn wò. Nígbà tí aago ṣì wà ní tuntun, wọ́n fi omi tẹ irú rẹ̀ bíi pé ó wà nísàlẹ̀ 50 mítà, nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́. Lára àwọn mìíràn, 5 ATM ni wọ́n kọ. Ọ̀kan náà ni. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ bá a lọ síbẹ̀. Apple kọ 50 mítà sí Apple Watch Series 2 tí wọ́n gbé jáde ní 2016, wọ́n ní èèyàn lè fi lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí kò jìn, kó má fi rì lọ sísàlẹ̀, kó má sì fi gba omi tó ń tú pẹ̀lú agbára. Àwọn náà ló tún sọ pé agbára tí aago fi ń dènà omi kì í wà títí, kò sì ṣeé tún dí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù ló wà létí ojú aago. Ẹ mọ rọ́bà inú ẹnu ẹ̀rọ omi: bó bá gbó, omi á máa kán tó-tó-tó. Ọṣẹ, oru omi gbígbóná, lọ́fínńdà àti iyọ̀ ń jẹ ẹ́. Bí aago bá ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè là díẹ̀ tí ojú kò ní rí i. Ti tòkunbọ̀ tiẹ̀ burú jù, nítorí bí wọ́n bá ti ṣí i láti pààrọ̀ bátìrì, ta ló mọ bí wọ́n ṣe dí i padà? Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbó, rọ́bà ló ń gbó.

Nítorí náà, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó fọ ẹja tàbí aṣọ. Ẹ̀yin alárò àti ẹ̀yin tó ń se ọṣẹ, ẹ má tilẹ̀ gbé e dé ìdí sódà. Ó ń jẹ irin aluminium. Bí omi òkun bá kàn án, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, kí ẹ nù ún. Ẹ má gbé e sórí iná títí yóò fi gbẹ. Ti ìrẹsì tí wọ́n ń kì í bọ̀, ẹ fi sílẹ̀; eruku rẹ̀ ń wọ inú ihò aago ni.

Ọ̀pọ̀ aago yìí ní ibì kan tí wọ́n ya ẹ̀kán omi sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú aago á tì, kí omi má baà máa tẹ̀ ẹ́ bí ìka. Àwọn kan rò pé ó ti di ihò aago nìyẹn. Rárá o.

Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ sọ fún oníbàárà yín pé tòkunbọ̀ ni, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Ní ti ìyá ẹlẹ́ja wa, ẹni tó tà á ti gbà láti dá ìdajì owó padà. Ìdajì yòókù, ìyá ni yóò san án fún ẹgbẹ́.