Owó Agbábọ́ọ̀lù: Ẹ Díwọ̀n Rẹ̀, Ẹ sì San Án

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò bá díwọ̀n owó oṣù, gbèsè ni yóò gbé e ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òdiwọ̀n má di ìrẹ́jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £20 lọ́sẹ̀ ni òpin owó agbábọ́ọ̀lù títí di oṣù kìíní ọdún 1961. Àwọn òṣèré halẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀, òfin náà sì wó.

Ní Agége níhìn-ín, MFM gba ipò kejì nínú líìgì ní 2017. Ọdún náà gan-an ni Stephen Odey lọ sí Zürich. Ní 2022, ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì.

Ẹ̀yin olùdarí, ẹ ṣèlérí ìwọ̀n tí agbára yín ká, kí ẹ sì san án lásìkò. Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà mọ̀ pé owó kékeré tí ó tẹni lọ́wọ́ sàn ju owó ńlá orí ìwé lọ.