Mory sá padà, Anta wọkọ̀ lọ: Fíìmù ọdún 1973 tó dà bíi pé àwọn ọmọ Mowe, Ibafo àti Ifọ ni wọ́n fi ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fáwọn ọmọ tó jáde yunifásítì lóde òní, kó lọ dúró sétí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní Mowe tàbí Ibafo, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kílẹ̀ tó mọ́ làwọn òṣìṣẹ́ ti ń lé bọ́ọ̀sì Berger kiri, kí wọ́n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n tó bá di nǹkan bíi aago mẹ́wàá, tí ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ ti rọlẹ̀, àwọn kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ síta. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún, àwọn mìíràn ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n. Wọ́n ti gba dìgírì, wọ́n ti sin ìjọba tán, síbẹ̀ kò síbi kan pàtó tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á jókòó ti ẹni tó ń ṣe P.O.S., wọ́n á ya ilé tẹ́tẹ́ wò, wọ́n á tẹ fóònù títí, wọ́n á sì máa wo mọ́tò tó ń sáré kọjá.

Ní Ifọ náà, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Mọ́tò Abẹ́òkúta ń lọ, rélùwéè ń kọjá, àwọn ọmọ ń wò ó. Ojú ọ̀nà nìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, àwọn tó ń lọ síbòmíì ni yóò máa rí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Fíìmù kan wà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí gan-an, ṣùgbọ́n Mowe kọ́ ni wọ́n ti yà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fíìmù àná. Touki Bouki lorúkọ rẹ̀, Djibril Diop Mambéty, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ló ṣe é lọ́dún 1973. Lédè Wolof, ìrìnàjò ìkookò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún yẹn dáadáa o. Ọdún 1973 yẹn náà ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ló ń wá ẹni tó bá jáde yunifásítì rí. Àwọn bàbá wa tó jáde nígbà náà ṣì ń ròyìn rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ní Dakar, Mambéty ti rí ohun tí àwa ò tíì rí.

BỌ́RỌ̀ MORY ÀTI ANTA ṢE JẸ́

Nínú fíìmù náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Anta, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́. Mory, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ti da màlúù rí, ṣùgbọ́n alùpùpù ló ń gùn kiri báyìí, ó sì so agbárí màlúù tòun tìwo mọ́ iwájú rẹ̀. Ó jẹ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Oumy ní gbèsè ìrẹsì, obìnrin náà ò sì fẹ́ẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Èébú ló fi ń kí i.

Àwọn méjèèjì á lọ jókòó sétí òkun, wọ́n á máa wo omi lọ. Wọ́n ní Paris làwọn ń lọ. Wọ́n tiẹ̀ ti ń rí i lójú inú wọn bí àwọn ṣe máa dé padà tolówótolówó, tí Àǹtí Oumy tó ń bú Mory yóò wá máa kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá mọ ọmọ kan ládùúgbò yín tó ti ń sọ irú mọ́tò tó máa gbé wálé láti Kánádà, tí kò sì tíì ní páásípọ́ọ̀tù, ẹ ti mọ Mory nìyẹn.

Owó ọkọ̀ wá di wàhálà. Níbi tí wọ́n ti ń ja ìjàkadì, wọ́n jí àpótí kan tí wọ́n rò pé owó ló kún inú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, agbárí òkú ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n tún gba ilé ọkùnrin olówó kan tó ń jẹ́ Charlie lọ. Bí ìyẹn ṣe wọ balùwẹ̀ báyìí, Mory kó o láṣọ, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ lọ. Ló bá di pé wọ́n rí tíkẹ́ẹ̀tì rà.

Wọ́n dé èbúté Dakar. Ọkọ̀ òkun Ancerville ti ń dúró. Anta gùn ún. Mory náà gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ló bá dúró. Kò sẹ́ni tó dá a dúró o, kò sì sí ọlọ́pàá tó lé e. Ó kàn yíjú padà ni, ó sáré, ó padà sígboro lọ wá alùpùpù rẹ̀. Ọkọ̀ gbé Anta lọ. Alùpùpù náà, ẹlòmíì ti jí i gbé, ó sì ti fi ní jàǹbá. Ìwo tó ti kán ni Mory bá.

OWÓ TÁṢẸ́RẸ́ NI WỌ́N FI ṢE É

Nǹkan bíi 30,000 dọ́là ni wọ́n ní gbogbo fíìmù náà ná wọn, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl sì dá díẹ̀ sí i. Mambéty ò lọ síléèwé fíìmù kankan. Iṣẹ́ tíátà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nídìí ẹ̀. Ìgboro Dakar tó mọ̀ dunjú ló lò: odò ẹran, etí òkun, èbúté. Ọdún yẹn náà ni fíìmù ọ̀hún dé Cannes, nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó fi máa di 2018, Beyoncé àti Jay-Z, ọkọ rẹ̀, gbé àwòrán jáde fún eré tí wọ́n fẹ́ẹ́ ṣe káàkiri ayé. Orí kí ni wọ́n jókòó sí? Alùpùpù tó ní ìwo màlúù níwájú, bíi ti Mory gẹ́lẹ́.

Kevin Smith náà ṣe irú ẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Ní 1994 ni Clerks tiẹ̀ jáde, 27,575 dọ́là ló sì fi yà á. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń tajà ni, tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ fayé wọn ṣe. Ṣọ́ọ̀bù tí Smith fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní New Jersey ló lò. Ó ń tajà lọ́sàn-án, ó ń ya fíìmù lóru. Kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ pé òru ni, wọ́n dọ́gbọ́n sí i nínú ìtàn pé ẹnì kan fi ṣíngọ́ọ̀mù dí ihò kọ́kọ́rọ́, ni ilẹ̀kùn irin ò fi ṣeé ká sókè. Nílé níbí, Ema Edosio ṣe Kasala! lọ́dún 2018 ní Surulere. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin gbé mọ́tò onímọ́tò ròde, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n wá ń sá kiri wá owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe kí Jide Kosoko tó ni ín tó dé. Ibi tí kálukú wọn wà ló ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò dúró de olówó kan.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÓJÚ AYÉ

Èyí tó wá jọni lójú jù rèé. Magaye Niang ló ṣe Mory, Mareme Niang ló ṣe Anta. Lọ́dún 2013, tí fíìmù náà pé ogójì ọdún, Mati Diop ṣe fíìmù mìíràn nípa Magaye yìí, ó pè é ní Mille Soleils. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Mambéty, ẹni tó ti kú ní Paris lọ́dún 1998. Nínú fíìmù tuntun yìí, Dakar la ti bá Magaye, ó ti darúgbó, màlúù ló ń dà. Wọ́n ń fi Touki Bouki hàn ní gbangba, ó nawọ́ sí ojú fíìmù pé òun nìyẹn, àwọn ọmọdé ò gbà á gbọ́. Ó wá pe Mareme lórí fóònù. Alaska ni Mareme wà, lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó ṣe Anta lọ, ẹni tó ṣe Mory dúró.

Ìdí nìyí tí a fi ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari, tó ti dolóògbé báyìí, sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ wa ní Lọ́ńdọ́nù lóṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀lẹ ló pè wọ́n. Àwọn agbẹnusọ rẹ̀ ní kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ló ń bá wí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ yìí ò fọwọ́ ara wọn fa ìdádúró wọn. Lọ́dún 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ gbáko làwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ẹni tó yẹ kó lo ọdún mẹ́rin á lo mẹ́fà. Yóò sin ìjọba, owó àgùnbánirọ̀ tó ti di 77,000 náírà lóṣù láti 2025 yóò dá lọ́jọ́ tó bá parí, yóò wá bá ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó ní àwọn ò fẹ́ ẹni tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọkàn méjì ló ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ wà nílé, ọkàn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà.

KẸ́ Ẹ TÓ TA PULỌ́Ọ̀TÌ YẸN

Ọ̀pọ̀ òbí tó wà ní Mowe, Ibafo àti Ifọ, owó ilé Èkó ló lé wọn débẹ̀. Wọ́n ra pulọ́ọ̀tì kan, wọ́n kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó lágbára sì ra ìkejì sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Ìkejì yìí làwọn ọmọ ń ní kí wọ́n tà báyìí, káwọn fi japa. Àwọn òbí mìíràn gan-an ló ń ti ọmọ sí i, torí ojú ń tì wọ́n pé ọmọ onídìgírì jókòó sílé.

A ò ní kẹ́ ẹ má tà á o, a ò sì ní kẹ́ ẹ tà á. Mambéty pàápàá ò sọ ẹni tó jàre nínú Mory àti Anta. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Mory ò mọ̀ pé òun ò fẹ́ẹ́ lọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan àtẹ̀gùn ọkọ̀. Nígbà yẹn, owó ti lọ, alùpùpù ti lọ, Anta náà sì ti lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ pe ọmọ yín jókòó, kó má jẹ́ níwájú àlejò, kó má sì jẹ́ lọ́jọ́ tínú ń bí yín. Ẹ bi í bóyá Anta ni àbí Mory. Tó bá ní Anta lòun, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Tó bá sì ní Mory lòun, ẹ má pè é ní ọ̀dẹ̀, ẹ bá a wá nǹkan tó lè fọwọ́ rẹ̀ ṣe níbi tó wà. Pálọ̀ yín ni kó ti sọ ọ́, kó má jẹ́ orí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ni yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.