Káṣìmáawò, Orúkọ Ọmọ Tó Dúró

Ẹ súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti gbọ́ ti ìjàpá tó. Ohun ìyanu tó ṣojú ayé ni ti alẹ́ òní.

Bàbá kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń bímọ tí kò rí ọmọ gbé jó. Wọ́n á bí, wọ́n á sin. Ọmọ 22 ló lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1937, wọ́n bí ìkẹtàlélógún. Ta ló láyà láti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ayọ̀délé? Káṣìmáawò ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ àtùpà nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ náà rá, ó rìn, ó ń ta igi ìdáná kó tó lọ sílé ìwé. Ó tó ọmọ ọdún 15 kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Moshood. Ẹ mọ̀ ọ́n: M.K.O. Abíọ́lá, ẹni tí Nàìjíríà dìbò fún ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. K tó wà láàárín yẹn, Káṣìmáawò ni.

Àwọn baba wa gbà pé àbíkú lẹ́gbẹ́ lọ́run, pé ó ti bá wọn dá ọjọ́ tí yóò padà. Orúkọ ni òbí fi ń tú àdéhùn náà. Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Rótìmí, Bánjókòó. Àwọn mìíràn ń lé ikú sẹ́yìn: Kòsọ́kọ́, kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́, Ìgbẹ́kọ̀yí, igbó tí wọ́n ń gbé òkú àbíkú lọ kò gba èyí. Ẹ sì wò ó, ẹni tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ gorí oyè ọba Èkó lọ́dún 1845!

Lóde òní, orúkọ ìdílé ni Kòsọ́kọ́ àti Ìgbẹ́kọ̀yí ti dà. Ó ṣòro kí ẹ tó gbọ́ wọn níbi ìkómọ. Rótìmí ṣì wà, nítorí ó dùn létí bí àdúrà. Kí ló fà á tí àwọn yòókù fi ń dínkù? Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé. Lọ́dún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀nná ti tán láyé. A sì wá mọ̀ pé fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní àbíkú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá kan náà fi ń kú léraléra.

Inú mi dùn pé àwọn orúkọ yìí ń dínkù, nítorí ọmọ ń yè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń jẹ́ Málọmọ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹkún ìyá ló bí orúkọ náà. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ gbéyàwó tàbí lọ́kọ nínú yín kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó lè fi ìdùnnú sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ.